Orúkọ Mọ́kànlá Láti Chicago

Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 1983

Gàníyù ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ níbi tí o wà. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní ṣé o ti ra kóòtù tó nípọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ Ràhámọ̀tù kí ọ. Èmi náà kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ kò kí mi láti oṣù keje. Àbí wọ́n ti fòfin de lẹ́tà ní Chicago ni? Mo kàn ń béèrè ni o.

Ara wa le. Ojú mi nìkan ni. Dókítà ojú tí mo lọ rí ní Ìbàdàn ní ìfúnpá inú ojú ló ń pa á díẹ̀díẹ̀, pé èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn, ká máa fi oògùn dá èyí tó kù dúró. Mo bi í pé ọdún mélòó ló kù. Ó ní òun kì í ṣe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n èmi mọ ìṣirò. Lọ́dún tó kọjá mo ń ka ìwé ìròyìn tán kí oúnjẹ àárọ̀ tó dé. Lọ́dún yìí, àkọlé rẹ̀ nìkan ni mo ń kà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kánjú lórí iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán ọ yìí.

O mọ̀ pé ọdún méjìdínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì. Nígbà tí èmi fúnra mi wà ní kékeré, pàṣán ni wọ́n fi kọ́ wa ní orúkọ gbogbo káúńtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ kéékèèké tí wọ́n pín ìlú wọn sí: Kent, Essex, Cornwall, Rutland, títí dé òpin. Títí di òní mo lè kà wọ́n lójú oorun. Kò sẹ́ni tó sọ ìtumọ̀ ẹyọ kan fún wa. Àwa tó jẹ́ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, a há ogójì orúkọ sórí láìmọ ilé tí wọ́n wò!

Mo fẹ́ fi wọ́n kọ ìwé lédè Yorùbá. Mo fẹ́ kí ọmọ wa mọ̀ pé Òyìnbó náà kọ orúkọ ìlú rẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà fún ẹgbẹ̀rún ọdún kó tó fẹnu kò sí ọ̀kan. Alábẹ̀wò ilé ìwé kan fi mí rẹ́rìn-ín nígbà kan torí pé àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ orúkọ ìlú wa ní ọ̀nà mẹ́ta. Ọkùnrin yẹn ti kú, ṣùgbọ́n mi ò tíì dá a lóhùn tán.

Yunifásítì rẹ ní ilé ìkàwé. Wá àwọn ìwé ńlá tí wọ́n ti wádìí orúkọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Fún káúńtì kọ̀ọ̀kan, da nǹkan mẹ́ta kọ fún mi: bí wọ́n ṣe kọ ọ́ láyé àtijọ́, ọdún tí wọ́n kọ ọ́, àti ojú ìwé tí o ti rí i. Èyí tí kò bá ní ojú ìwé, má fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi baba rẹ,
Jìbírílù Adéògún


Chicago
Ogúnjọ́, oṣù kọkànlá, 1983

Bàbá mi,

Àsàláámù àláékúmù. Mo dọ̀bálẹ̀ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Midterm ló kó mi láyà sókè, tí mo bá sì kúrò ní kíláàsì, ọsibítù ni mo ń lọ, mo ń nu ilẹ̀ wọn di aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ sọ fún Màámi pé mo ti ra kóòtù. Mo ra méjì, mo ń wọ̀ wọ́n lé ara wọn. Ojú yín tí ẹ sọ yẹn kó ìdààmú bá mi. Ẹ máa kán oògùn náà déédéé.

Kí n má purọ́, nígbà tí mo ka iṣẹ́ tí ẹ rán mi, mo ní ewo tún ni èyí. Mo wọ ilé ìkàwé ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìgbà tí mo máa fi gbójú sókè, wọ́n ti ń paná! Ìyá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀, Josephine lorúkọ rẹ̀, ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò sẹ́ni tó béèrè àwọn ìwé yẹn rí. Ó ní kí ló kan ọmọ Nàìjíríà kan nínú rẹ̀. Mo ní bàbá mi ló rán mi. Ó ní ó dáa, ó bá mi gbé àga wá.

Ẹ wo Kent. Àwọn ará Róòmù kọ ọ́ ní Cantium kí wọ́n tó bí Ànábì Ísà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kọ ọ́ ní Cent. Nígbà tó di ọdún 1086, tí ọba tó ṣẹ́gun wọn ní kí wọ́n ka gbogbo ilẹ̀ àti ẹran tó wà nílùú, Chenth ni akọ̀wé ọba kọ. Orúkọ náà ti wà níbẹ̀ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé, kò sẹ́ni tí ìtumọ̀ rẹ̀ dá lójú. Essex ni àwọn Sásìn, ẹ̀yà kan lára Gẹ̀ẹ́sì, ti ìlà oòrùn, Exsessa lọ́dún 1086. Norfolk ni àwọn ènìyàn àríwá, Nordfolc. Suffolk ni àwọn ènìyàn gúúsù, Sudfulc. Ojú ìwé gbogbo wọn wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, mo fi gègé pupa kọ ọ́ kí ojú yín lè rí i.

Ṣùgbọ́n Cornwall ló pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún dùn mí. Cornwalas. Apá tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àjèjì. Sà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wọ ọkọ̀ ojú omi dé o! Wọ́n bá onílẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní àjèjì ni. Èmi tí mo wọ bàálù dé Chicago, wọ́n kọ àjèjì sórí káàdì mi, ó kéré tán tèmi tọ̀nà.

Mo máa wá àwọn yòókù. Ẹ bá mi kí Màámi àti Sister Ràhámọ̀tù.

Ọmọ yín,
Gàníyù


Ìwó
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní, 1984

Gàníyù, ọmọ Adéògún,

O káre láé! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ fún ìyá rẹ, ó sùn ní ẹ̀ẹ̀kejì. Kò burú. Mo kà á fún Ràhámọ̀tù náà. Nígbà tí mo dé ibi Cornwall, mo dìde dúró. Ẹni tó dé lánàá ń pe onílé ní àlejò! Orí kan gbáko ni mo fi sọ ìyẹn nìkan nínú ìwé náà.

Kí ni wọ́n ń pè ní midterm? Ṣé Yorùbá kò ní ìdánwò ni? Mo kàn fa ọ́ létí ni.

Ara mi ti yá gágá báyìí. Mo ti jókòó ti àwọn orúkọ yòókù, mo sì ti ń méfò. Mo kọ àbá mọ́kànlá sórí tákàdá kejì. Bí àpẹẹrẹ, mo rò pé Rutland ní láti jẹ́ ilẹ̀ pupa. Berkshire, mo rò pé èèpo igi ló wà nídìí rẹ̀, bóyá wọ́n ń bó o tà. Bedford, ọkùnrin kan ló ní ibi tí wọ́n ti ń la odò kọjá níbẹ̀. Wò wọ́n fún mi nínú ìwé. Bí mo bá gbà á, sọ. Bí mo bá kùnà, sọ, mi ò ní sunkún.

Ọ̀rọ̀ mìíràn. O ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ṣé kò sí ọmọ Mùsùlùmí kan ní gbogbo Chicago tó mọ̀wàá hù? Nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú wọn, mo gbọ́. Ọmọ tí ilé wọn kò bá jìnnà sí tiwa, kó jẹ́ Ẹdẹ tàbí Òṣogbo, á tẹ́ ìyá rẹ lọ́rùn. Òun ló ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé mo lòdì sí i.

Baba rẹ ni


Richton Park, lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Tàjùdéèn
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án, 1984

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, sà. Mo mọ̀ pé ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ. Lẹ́tà yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó tẹ̀lé ti oṣù kìn-ín-ní dé ọwọ́ mi. Iṣẹ́ ilé ìwé ló wọ̀ mí lọ́rùn, ẹ dákun. Mo ti kó kúrò ní àárín ìgboro. Ọ̀dọ̀ Tàjùdéèn ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mo wà báyìí, ibẹ̀ tutù fún ìwé kíkà, ọkọ̀ ojú irin sì wà tó ń wọ ìgboro.

Àbá yín mọ́kànlá ti dé o, sà. Ẹ̀rù yín bà mí! Ẹ gba gbogbo rẹ̀. Rutland, Redeland ni wọ́n kọ ọ́ lọ́dún 1021, ilẹ̀ pupa gan-an bí ẹ ṣe wí. Berkshire, Barkascir lọ́dún 970, èèpo igi ni. Bedford, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Beda ló ni ibẹ̀, Bedafurt, 912. Gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá wà lórí tákàdá tí mo fi sínú àpò ìwé yìí. Professor mi kan rí i, ó ní kí ni bàbá mi ń ṣe ní abúlé, pé yunifásítì ló yẹ kí ẹ wà.

Nípa ìyàwó tí Màámi béèrè: ọmọbìnrin kan wà, sà. Kàfáyàtù lorúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, Ẹdẹ ni àwọn òbí rẹ̀. Ó ń kírun, ó sì níwà. Ẹ jẹ́ ká máa fi sínú àdúrà.

Mò ń jẹun dáadáa.

Ọmọ yín,
Gàníyù


Ìwó
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, 1984

Ọmọ mi Gàníyù,

Ọwọ́ Ràhámọ̀tù lò ń wò yìí, ẹnu mi ló ń sọ ọ́. Ojú ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ti òsì ṣì ń ríran díẹ̀ ní ọ̀sán, bí oòrùn bá mú.

Inú ìyá rẹ ń dùn ju ti ọjọ́ tí mo gbé e níyàwó lọ. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Ó fẹ́ fọ́tò Kàfáyàtù, ó sì fẹ́ mọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti agboolé rẹ̀ ní Ẹdẹ ká lè lọ kí wọn.

Mo ti fi àwọn orúkọ mọ́kànlá náà sínú ìwé. Atẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní yóò jáde kí oṣù kẹrin tó parí. Mo sọ fún un pé kó má fi falẹ̀, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Àwọn tí mo kọ́ níwèé ti ń múra ọjọ́ tí a óò kó o jáde.

Nǹkan kan nìkan ló kù. Mi ò rí ojú ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mọ́kànlá yìí. Ti àkọ́kọ́, o fi gègé pupa kọ ọ́. Fi ti ìwọ̀nyí náà ránṣẹ́.

Àti pé mo tún ní àbá kan. Surrey. Ó dá mi lójú pé ọba kan ló ń jẹ́ Sori láyé àtijọ́, pé òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilẹ̀ náà. Yẹ̀ ẹ́ wò kí o sọ fún mi.

Baba rẹ ni

Èmi Ràhámọ̀tù ni mo fi èyí kún un, Bàbá kò mọ̀. Gàníyù, kí ló dé tí o kò wá sí ìdí fóònù nígbà tí mo lọ pè ọ́ láti Ìbàdàn? Ìpe mẹ́ta! Ọkùnrin kan gbé e, ó ní o ti lọ síbi iṣẹ́ ní Romeoville. Iṣẹ́ wo? Aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè níbẹ̀ ni o, ṣé ilé ìwé ti gba ìsinmi ni? Mi ò sọ fún wọn. Má jẹ́ kí n sọ.


Richton Park
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kìn-ín-ní, 1985

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun o, sà. Òtútù tó mú lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ọkọ̀ kò fẹ́ jí. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa.

Surrey: ẹ tún gbà á, sà! Soringaland ni wọ́n kọ ọ́ lọ́dún 834, ilẹ̀ Ọba Sori. Ojú ìwé 212. Ti àwọn mọ́kànlá, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀, ẹlòmíràn ló yá ìwé náà lọ.

Kàfáyàtù ní òun kò fẹ́ kí fọ́tò òun kọ́kọ́ dé ilé ọkọ ṣáájú òun. Ẹ mọ àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Orúkọ agboolé wọn, màá béèrè.

Sister Ràhámọ̀tù, mo rí ọ̀rọ̀ yín. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni.

Gàníyù


Ìwó
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, 1985

Gàníyù,

Mi ò ní kí ọ lónìí. Bí mo bá kí ọ, màá purọ́.

Prámárì Mẹ́fà, ọdún 1969, ìlà kejì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kíláàsì mi ni o jókòó sí fún odidi ọdún kan. O mọ̀ pé kò sí ìdánwò tí mo ṣe rí tí mi ò ti ìbéèrè irọ́ kan bọ àárín rẹ̀. Màá ní kí ẹ dárúkọ òkè tó ń yọ iná ní ẹ̀bá Ìwó. Ọmọ tó bá kọ “mi ò mọ̀,” mo máa ń fún un ní máàkì kíkún, torí àwọn àlùfáà wa ní “mi ò mọ̀” ni ìdajì ìmọ̀. Ọmọ tó bá dárúkọ òkè náà, mo mọ irú ẹni tó jẹ́. O mọ gbogbo èyí, o sì dárúkọ òkè náà fún mi.

Kò sí Ọba Sori. Èmi ni mo dá a. Ọláṣẹ̀hìndé tí mo kọ́ níwèé, tó ń kọ́ni ní yunifásítì báyìí, wá kí mi ní oṣù kẹwàá, ìwé kan wà nínú báàgì rẹ̀. Mo ní kó ṣí Surrey nìkan fún mi. Suthrige ló wà níbẹ̀, láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé igba sẹ́yìn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀ ìhà gúúsù. Ó ní kí òun yẹ mọ́kànlá yòókù wò, mo ní kó ti ìwé rẹ̀. Ojú tì mí láti fi ìwé ọmọ ẹlòmíràn wádìí ọmọ mi. Mo ní kí n gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ.

Ohun tó mú kí n fura nìyí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì gba ìbéèrè mọ́kànlá léra rí. Ṣùgbọ́n inú mi dùn, Gàníyù. Inú mi dùn bí ọmọdé. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń rìn ní Ìwó bí ẹni tó gba oyè.

O lè béèrè pé nígbà tí Ọláṣẹ̀hìndé wà nítòsí, kí ló dé tí mo rán ọ. Ojú ìwé àkọ́kọ́ tí atẹ̀wé ti tò sílẹ̀ kà báyìí pé: Jìbírílù Adéògún àti Gàníyù Adéògún. Ìdí nìyẹn. Mo ti ránṣẹ́ sí atẹ̀wé pé kó dáwọ́ dúró.

J. Adéògún


Richton Park
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta, 1985

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sì ní dìde títí ẹ ó fi ka èyí tán. Sister, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wọn bó ṣe wà, ẹ má fo ìlà kankan.

Ẹ má tẹ ìwé yẹn. Àwọn mọ́kànlá yẹn àti Surrey, orí mi ni mo ti yọ wọ́n. Kò sí Redeland. Kò sí ojú ìwé 212. Márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ni òótọ́.

Mi ò sí nílé ìwé mọ́ láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá. Owó ìrànwọ́ tí Ìpínlẹ̀ ń fún wa dáwọ́ dúró, mo fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, mo sùn nínú kíláàsì, mo fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì méjì, wọ́n ní kí n lọ. Láti ìgbà náà, ìwé ìgbélùú mi ti kú. Bí mo bá jáde kúrò nílùú yìí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Romeoville ni mo wà, mò ń to páálí. Tàjùdéèn ló fi mí síbẹ̀.

Mi ò ní àwíjàre. Ilé ìkàwé ìjọba wà ní ìgboro fún gbogbo ayé. Mo tilẹ̀ lọ sí ti yunifásítì lẹ́ẹ̀kan, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo rí Josephine láti ẹ̀yìn gíláàsì, mo padà. Ojú ló tì mí. Lẹ́tà yín tí ẹ fi àbá ránṣẹ́ wà nínú àpò mi láti ìgbà náà. Lọ́jọ́ kan nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo jókòó lórí páálí, mo ní kí n sáà dá wọn lóhùn, màá tún un ṣe tó bá yá. Ó rọrùn, sà. Ẹ ti kọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ sílẹ̀. Kí n kàn fi ọdún sí i ló kù. Nígbà tí inú yín wá dùn tóyẹn, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbà jáde.

Nígbà tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi ojú ara yín rí ìwé náà, mi ò lè jẹun. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, tí mo ń ya á.

Ẹ ṣe ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fún mi. Ẹ má kọ̀ mí lọ́mọ, sà.

Gàníyù


Ìwó
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin, 1985

Gàníyù ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ.

Lẹ́tà rẹ àti tèmi kọjá ara wọn lójú ọ̀nà. Ràhámọ̀tù wo òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ fún mi, mo ní kó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. O kọ ọ́ kí o tó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Mo di òǹtẹ̀ yẹn mú, ọmọ mi. Bí kì í bá ṣe òǹtẹ̀ yẹn, mi ò mọ ohun tí ǹ bá kọ sí ọ.

Ìwé náà yóò jáde. Atẹ̀wé ń ráhùn pé ó ti tínrín jù, mo ní kó tínrín. Káúńtì márùn-ún ni yóò wà níbẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé ni mo tó gbà kí Ọláṣẹ̀hìndé ṣí ìwé rẹ̀. Ó wo márùn-ún tí o fi gègé pupa kọ, gbogbo rẹ̀ ló bá ojú ìwé mu, kò yẹ̀. Nítorí náà, orúkọ rẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi níwájú. Ohun tí o bá ṣe, o ṣe é ni. Ó tún yẹ àbá mi mọ́kànlá wò. Bedford nìkan ni mo gbà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀kan nínú mọ́kànlá ni máàkì mi, mo sì ti tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Mi ò ní rí ìwé náà. Ojú òsì náà ti lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ràhámọ̀tù yóò gbé e lé mi lọ́wọ́, màá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò bá ọ wí lórí ìyẹn, ojú ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Nípa ilé ìwé, o kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó fìdí rẹmi. Àwọn tí mo fìdí wọn rẹmi pọ̀ nílùú yìí tí wọ́n ti di alágbára ènìyàn. Bí o bá fẹ́ padà wálé, ilé wà. Bí o bá ní o fẹ́ dúró, mi ò lè fi ìjà fà ọ́ bọ̀. Ìwọ lo mọ ohun tí ojú rẹ ń rí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dà mí láàmú. Mo ní kí Ràhámọ̀tù kó gbogbo lẹ́tà rẹ jáde láti ọjọ́ tí o ti lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kà wọ́n sí mi létí. Tẹ́lẹ̀, bó bá dé ibi tí o ti ní “mò ń jẹun dáadáa,” mo máa ń ní àmín. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kó dúró díẹ̀. Ti káúńtì, ìwé wà tí mo lè ní kí wọ́n ṣí. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ìwé wo ni kí n ní kí Ọláṣẹ̀hìndé bá mi ṣí, tí màá fi mọ̀ bóyá o jẹun?

Nínú lẹ́tà tí o ti jẹ́wọ́, o ka gbogbo irọ́ rẹ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí Ràhámọ̀tù tún un kà. O kò dárúkọ Kàfáyàtù níbẹ̀, o kò ní ó wà, o kò ní kò sí. Ni mo bá ní kó wá èyí tí mo kọ sí ọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tó kọjá. Mo ní nọ́ọ̀sì. Mo ní Mùsùlùmí. Mo ní Ẹdẹ. Gàníyù, ṣé ènìyàn ni Kàfáyàtù, àbí àbá méjìlá ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́jọ́ náà?

Bó bá wà, kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Bí kò bá sí, kọ ọ́ pé kò sí, kò ní pa mí. Ìyá rẹ wà nínú yàrá kejì bí mo ti ń sọ èyí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán. Ohùn rẹ̀ ń dé ibi tí mo jókòó sí. Ó ń bẹ Ọlọ́run kó fún Kàfáyàtù ní ọmọkùnrin, ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò tíì ní kó dákẹ́.

Baba rẹ,
Jìbírílù